Etí Tí Wọ́n Ń Wọ́ Lẹ́yìn Ọkọ̀

Tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nínú agbo ilé wa ní Odomèta, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kì í dá sí i lójú ẹsẹ̀. Á gbé àpótí rẹ̀, á lọ jókòó sídìí ọsàn lẹ́yìn ilé, á máa gbọ́ wa láti ibẹ̀. Ìgbéraga ni mo pè é.

Inú ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Faransé ló ti ṣiṣẹ́ kó tó padà wálé lẹ́yìn òmìnira. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní etí ló fi ń gbọ́ ìró ọkọ̀ tó bá sá pamọ́ sábẹ́ òkun.

"Ara ọkọ̀ wa ni wọ́n kọ́kọ́ de etí náà mọ́," ló máa ń wí. "Ariwo ẹ́ńjìnì tiwa bò ó. Ìgbà tí wọ́n so ó mọ́ okùn irin gígùn, tí a ń wọ́ ọ lẹ́yìn nísàlẹ̀ omi, la tó gbọ́ ẹlòmíràn."

Lọ́jọ́ tí kànga wó lu ẹni tó ń gbẹ́ ẹ, gbogbo wa ń ké pe ọkùnrin náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lé wa dé ojú títì, ó padà lọ dọ̀bálẹ̀ sẹ́bàá kànga, ó fi etí lélẹ̀.

"Ó ń fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Ẹ wá gbẹ́ ibí!"

A gbé e jáde láàyè.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú, ẹkún gba gbogbo ilé. Ìyàwó rẹ̀ gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó kọrí sídìí ọsàn. Mo sáré tẹ̀ lé e.

"Ìyá, níbo lẹ ń lọ?"

"Ọmọ mi, nínú ariwo yín yẹn, mi ò gbọ́ ọkọ mi mọ́."