Òdo tí wọ́n ń kọ síwájú orúkọ ẹ̀gbọ́n mi

Òórùn ẹja ni kóòtù básíkẹ́ẹ̀tì kọ́lẹ́ẹ̀jì wa máa ń ní láàárọ̀. Ẹ má pè é ní àsọdùn. Àwọ̀n gidi tó wà lára irin ti já dànù kí n tó dé ilé ẹ̀kọ́ náà, àwọ̀n apẹja láti Ìbéṣé ni ẹnì kan sì so rọ́pò rẹ̀. Bí ìrì bá sẹ̀ sí i, tí oòrùn bá wá ta sí i, òórùn ọ̀sà á gba gbogbo ibẹ̀. Títí dòní, bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń sá àwọ̀n sí kọjá, ìró bọ́ọ̀lù lórí sìmẹ́ńtì ni mo máa ń gbọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìíní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní Ìkòròdú, lásìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn bàbá àdúgbò wa. Ẹ̀gbọ́n mi, Mùfútàù, wà ní kíláàsì karùn-ún, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì. Ní Sátidé kan ó jáde láìjẹun, Màmá wa sì ní kí n gbé mọ́ínmọ́ín tẹ̀lé e. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Kúnlé, tó jẹ́ ìràwọ̀ ẹgbẹ́ náà, gba bọ́ọ̀lù, ó yà sọ́tùn-ún, ó fò, ó jù ú wọlé. Gbogbo ènìyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ohun tí èmi rí ni pé ọmọkùnrin tó ń lé Kúnlé kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé Mùfú ti lọ dúró sójú ọ̀nà bí òpó iná, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, ọmọkùnrin náà sì lọ kọlù ú gbì. Mùfú ta gọ́ọ́gọ́ọ́ sẹ́yìn, ó fọwọ́ pa àyà rẹ̀, ó sì ń sáré lọ. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bóyá ẹlòmíràn rí ohun tí mo rí. Kò sí ẹnì kankan. Mọ́ínmọ́ín tutù mọ́ mi lọ́wọ́. Ọjọ́ náà ni bọ́ọ̀lù yẹn mú mi, kò sì tíì fi mí sílẹ̀.

Mo rí ìwé òfin eré náà ní láíbúrárì, èyí tí èèpo rẹ̀ ti ya kúrò, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá fi rúlà pín ìwé àkọsílẹ̀ mi sí ọ̀nà márùn-ún. Èkíní wà fún ribáùndì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó ta padà lára irin tí ènìyàn sì já gbà. Èkejì wà fún páàsì tó bí pọ́ìntì. Ẹ̀kẹta wà fún ohun tí mo rí lọ́jọ́ mọ́ínmọ́ín, mo sì pè é ní ìdènà. Ẹ̀kẹrin wà fún iye ìgbà tí ènìyàn jẹ́ kí wọ́n gbá òun ṣubú kí rẹfirí lè ka fáòlù, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀, sí alátakò lọ́rùn. Ẹ̀karùn-ún ni pọ́ìntì. Bí eré bá parí, ọ̀nà mẹ́rin àkọ́kọ́ á kún dẹ́nu níwájú orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀karùn-ún á jẹ́ òdo.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ẹ̀karùn-ún yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí, olùkọ́ eré ìdárayá, máa ń dúró níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ láti ka pọ́ìntì ẹnìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ka ti Kúnlé, pápá á mì. Bí wọ́n bá dé orí ti ẹ̀gbọ́n mi, wọn kì í kà á tán. Àwọn ọmọ á ti jùmọ̀ dáhùn, bí ẹní ń ṣe àmín: "Òdo." Bẹ́ẹ̀ ni Òdo ṣe di orúkọ rẹ̀.

"Òdo, ṣé inú àwọ̀n ni wọ́n ní kí o jù ú sí àbí inú ọ̀sà?"

Mùfú á rẹ́rìn-ín. "Ọ̀sà ló fẹ̀ jù. Ibẹ̀ gan-an, n ò tíì lè jù ú bọ́ sí i."

Ẹ̀rín yẹn ló máa ń bí mi nínú jù. Tí a bá délé, mo máa ń dojú kọ ọ́.

"Bọ̀dá mi, kí ló dé tí ẹ kì í jù ú?"

"Kúnlé wà níbẹ̀ tó ń jù ú."

"Ẹ̀yin náà lè jù ú. Mo kà yín láàárọ̀ yìí, ẹ ju mẹ́wàá, méje wọlé."

"Ràfíátù, ṣé wọn ò fún ẹ níṣẹ́ àṣetiléwá ni?"

Bàbá wa ló fà á, ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Ìkòròdú. Iṣẹ́ wọn ni láti fi gírísì sí ẹ̀rọ. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ máa ń gbé wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, tí wọ́n bá sì dé ní ìrọ̀lẹ́, dúdú gírísì ṣì máa ń wà ní abẹ́ èékánná wọn. Bí a bá ń jà lórí ẹni tó fọ abọ́ àti ẹni tó gbálẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún wa: "Ṣé iṣẹ́ náà parí àbí kò parí?" Bí a bá ní ó parí, wọ́n á padà sídìí rédíò wọn. Èmi a fẹ́ kí wọ́n bèèrè ẹni tó ṣe é. Wọn kò bèèrè rí. Mùfú kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ wọn ní odindi.

Nígbà tó di sáà kejì, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí rí mi lẹ́bàá kóòtù. "Ìwọ ọmọ tó ń kọ nǹkan kiri yìí, wá síbí. Ṣé o mọ pọ́ìntì kọ?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n kọ, sà. Wọ́n fi pépà wọn lé mi lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, ilé ẹ̀kọ́ kan láti Ìjẹ̀dẹ̀ wá bá wa gbá. Kúnlé ju méjìlélógún wọlé. Mo jókòó ti pépà náà, mo wo méjìlélógún, mo wo òdo. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó ní méjìlélógún kò ní mọ̀ bí mẹ́rin bá dín níbẹ̀. Mo kọ méjìdínlógún fún Kúnlé, mo kọ mẹ́rin fún ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí kà á: "Mùfútàù, mẹ́rin." Lẹ́yìn náà ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù sì gbà á. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ. Ìgbà náà ni mo rí ọwọ́ Mùfú lókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, n ò ju nǹkan kan wọlé. Kúnlé ló ni mẹ́rin yẹn."

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí pe àwa méjèèjì sí ọ́fíìsì wọn. Wọn kò tilẹ̀ wo ojú mi. Mùfú ni wọ́n dojú kọ, wọ́n ní òun ló rán mi níṣẹ́, pé ẹ̀rù ló bà á tó fi tètè jẹ́wọ́. Ẹ gbà mí. Ta ló ń rán ènìyàn lọ jalè, tí yóò tún na ọwọ́ sókè láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ? Ṣùgbọ́n n kò sọ bẹ́ẹ̀. N kò sọ nǹkan kan rárá. Mùfú wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ má bínú, sà," ó sì ká aṣọ bọ́ọ̀lù rẹ̀ sórí tábìlì wọn. Bí a ṣe ń lọ sílé, mo ń dúró de ìfọ́tí. Ohun tó sọ ni pé kí n má jẹ́ kí Bàbá gbọ́, kí wọ́n má baà nà mí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni a ní ìdíje àṣekágbá pẹ̀lú kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ẹ̀pẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: a ó lọ bá wọn, wọn ó wá bá wa, wọn ó sì ro pọ́ìntì eré méjèèjì pọ̀. Mo bá bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ lọ, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá, ìwé mi wà lábẹ́ abíyá. Ohun tí mo rí ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà, n kò fẹ́ rí i mọ́. Bí Kúnlé bá ti gba bọ́ọ̀lù, ọmọ Ẹ̀pẹ́ méjì á ti wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lọ dúró sójú ọ̀nà wọn. Àwọn tiwa kàn na ọwọ́, wọ́n ń ké pé "fún mi, fún mi." Pọ́ìntì mọ́kànlá péré ni Kúnlé rí kó jọ. Ẹ̀pẹ́ ní àádọ́ta, àwa ní mọ́kànlélógójì.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì padà dé ẹ̀bá Ìtòikín, Kúnlé dìde, ó wá jókòó tì mí.

"Wọ́n ní o ní ìwé kan. Mú un wá."

Ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń fi ìka tọ ọ̀nà ìdènà níwájú orúkọ Mùfú, eré kan lẹ́yìn òmíràn. "Mẹ́tàlá," ó ní. "Mẹ́wàá. Mẹ́rìnlá." Ó pa ìwé dé. "Mo rò pé èmi ni mo ń sáré ju àwọn ènìyàn yẹn lọ ni."

Ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí níwájú bọ́ọ̀sì. "Sà, ẹ jẹ́ kí Mùfú padà."

"Ọmọ tó rán àbúrò rẹ̀ lọ yí ìwé?"

"Mẹ́rin tí wọ́n mú, tèmi ni, sà. N ò bínú. Bí kò bá sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ kúkú yọ orúkọ tèmi náà."

Ẹsẹ̀ mi gbé mi dìde fúnra rẹ̀. "Kò rán mi, sà. Kò mọ̀ rárá. Èmi ni." Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí n tó sọ ọ́ tán. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí wo ojú fèrèsé títí a fi dé Ìkòròdú. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ fún odindi ọjọ́ Ajé, mo sì kúnlẹ̀. Wọ́n dá aṣọ Mùfú padà.

Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ẹ̀pẹ́ yẹn, mo sáré lọ sí kóòtù láti lọ fún un ní ìròyìn. Ó wà lórí àga gíga, ọ̀bẹ àti òwú lọ́wọ́, ó ń tún àwọ̀n so. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ tọrọ àwọ̀n náà lọ́wọ́ apẹja ní Ìbéṣé láti ìgbà tó wà ní kíláàsì kejì. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ rò pé olùkọ́ ló wá a. Mo sọ fún un pé Ẹ̀pẹ́ fi mẹ́sàn-án jù wá lọ. "Kò burú," ó ní. Kò burú kẹ̀.

Nígbà tí Ẹ̀pẹ́ wá bá wa, Mùfú ṣe ìdènà mẹ́rìndínlógún, ó gba ribáùndì méjìlá, wọ́n sì gbá a ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta tí rẹfirí fi gba bọ́ọ̀lù fún wa. Ìṣẹ́jú kan kù, a ní márùndínláàádọ́ta, wọ́n ní mẹ́rìndínlógójì. Mẹ́sàn-án la fi jù wọ́n lọ, ìyẹn ni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn dọ́gba ni. Bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi nísàlẹ̀ irin gan-an. Kò sí ẹnì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè jù ú wọlé láti ibẹ̀. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀, mo ti fi bírò sórí ọ̀nà karùn-ún. Ó wo irin, ó wo ẹ̀yìn, ó sì fi bọ́ọ̀lù fún Kúnlé.

Kúnlé jù ú wọlé. A gba ife ẹ̀yẹ. Wọ́n gbé Kúnlé sórí èjìká yí pápá ká, èmi sì ju ìwé mi mọ́lẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo pápá tún jùmọ̀ dáhùn: "Òdo." Ẹnì kan ṣoṣo tí kò dáhùn, tó dojú kọ wọn tó sì ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ni Kúnlé.

Ó ti pẹ́. Mùfú ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Ìjẹ̀dẹ̀ báyìí, abẹ́ èékánná rẹ̀ sì dúdú bíi ti Bàbá wa. Èmi ni mo máa ń bá àwọn ọmọ àdúgbò kọ àkọsílẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì wọn ní ọjọ́ Sátidé, ọ̀nà márùn-ún náà ni mo sì ń lò. Lóṣù tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa lọ bá ti Ẹ̀pẹ́ gbá. Àwọn bàbá oníkùn, gbogbo wọn ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi ni mo wà nídìí tábìlì àkọsílẹ̀. Eré ń parí lọ nígbà tí Kúnlé já bọ́ọ̀lù gbà lára irin, ó fi fún Mùfú, bàbá Ẹ̀pẹ́ kan sì fi ikùn kọlu ẹ̀gbọ́n mi látẹ̀yìn. Fáòlù ni. Rẹfirí fún un ní jíjù méjì.

Ẹ mọ òfin rẹ̀: gbogbo ènìyàn á dúró, ẹni tí wọ́n gbá nìkan ló máa jù ú. Kò lè fi fún ẹnikẹ́ni. Ó wo ẹ̀yìn síbẹ̀síbẹ̀. Kúnlé ká ọwọ́ sẹ́yìn. Èkíní lu irin, ó jábọ́. Èkejì wọlé. Mo ti dìde lórí àga, mo ń kọ "ọ̀kan" débi pé bírò lu pépà já.

Mùfú wá mu omi lọ́dọ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìwé náà. "Ribáùndì Kúnlé dà? Páàsì ńkọ́?"

N kò kọ wọ́n. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti fi bínú sí odindi pápá kan, pọ́ìntì nìkan lèmi náà ń wò. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ ì bá ti rí méjèèjì.

"Ṣé iṣẹ́ náà parí àbí kò parí?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

Mo jókòó, mo tún mú bírò. Kúnlé, ribáùndì, mẹ́jọ. Kúnlé, páàsì, márùn-ún. Mùfútàù, ìdènà, mọ́kànlá, pọ́ìntì, ọ̀kan.