Orin Ẹgbẹ́ Nínú Ọ́fíìsì Gíwá

Nínú ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ yunifásítì, èèwọ̀ ni kéèyàn jókòó tí a bá ń kọ orin ẹgbẹ́. Ọ̀gbẹ́ni tó jẹ́ alága wa nígbà kan ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó máa ń jágbe mọ́ ẹni tí kò bá dìde. Nígbà tó yá, wọ́n fi òun náà jẹ gíwá, olórí yunifásítì wa. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yan olórí ẹ̀ka lé wa lórí láìjẹ́ ká dìbò, ohun tí òun fúnra rẹ̀ tìtorí rẹ̀ bá gíwá àná jà.

Ẹgbẹ́ pe ìwọ́de lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Agbowó lọ síbẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí kí n tó débẹ̀. Bí a ṣe gbé orin nínú ọ́fíìsì rẹ̀ báyìí, gíwá dìde, ó nàró ṣánṣán, ó ń bá wa kọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Mo ní bóyá ó ṣì rántí wa. Orin parí, ó jókòó.

Ó ní, “Ẹ máa lọ sílé, ẹ̀yin kọ́mírédì. Mo ti yan àwọn olórí ẹ̀ka náà tán.”

Inú bí mi. Mo yíjú sí alága wa tuntun, kó dá a lóhùn. Kò tilẹ̀ gbọ́. Ó ń wo ọ́fíìsì náà yíká, bí ẹni tó wá wo ilé tó fẹ́ kó wọ̀.