Ọyàn Àgbàdo Ìyá Téèpù

Ọjọ́ tí ọyàn Ìyá Téèpù tú sílẹ̀ nílé ìwòsàn ni gbogbo èèyàn fi ń rántí rẹ̀ títí dòní. Kì í ṣe ọyàn tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn o. Ìyẹn ti bá iṣẹ́ abẹ lọ láti ọdún méjì ṣáájú. Èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ni, aṣọ funfun onípele méjì tó rọ àgbàdo gbígbẹ kún inú rẹ̀. Ó na ọwọ́ láti gba káàdì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, òwú já, àgbàdo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lábẹ́ aṣọ rẹ̀, wàràwàrà lórí ilẹ̀ dídán. Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ o!" ni Ìyá Téèpù kígbe. "Ọyàn mi ni!"

Obìnrin olùkọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Tíṣà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí dókítà ti sọ fún un pé jẹjẹrẹ wà nínú ọyàn rẹ̀ òsì, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, àní bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń lọ sílé ìwòsàn, yóò ní ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ ni òun ń lọ. Ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì ló máa ń jókòó sí, yóò gbé báàgì lé àyà kí ẹnikẹ́ni má baà bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó ti pinnu pé òun kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ibi tó ti fẹ́ dìde ni hóró àgbàdo kan ti yí wá bá a lẹ́sẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó mú ìkejì. Kó tó mọ̀, òun àti obìnrin mẹ́rin tí kò mọ̀ rí, tí àìsàn kan náà gbé wá síbẹ̀, ti wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń ṣa ọyàn ọlọ́yàn nílẹ̀, ẹ̀rín sì gbé e débi pé kò lè mí dáadáa. Ẹ̀rín náà yí padà, ó di ẹkún. Ìyá Téèpù ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó kàn ya ẹnu àpò aṣọ náà síwájú rẹ̀.

"Dà á síbí, ọmọ mi. Má sì fi ọ̀kankan pa mọ́ o, mo mọ bó ṣe wúwo tó."

Aránṣọ ni Ìyá Téèpù. Téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí nílé ìdáná. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún òun fúnra rẹ̀, dókítà ní kó bọ́ ọ sílẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti kọ́ṣẹ́, òun kò rí ẹni tó gé nǹkan láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Àfìgbà tí dókítà gba téèpù, tó wọn ibi tó fẹ́ gé lójú rẹ̀, kí ó tó gbà kí wọ́n tì í wọlé.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, fóòmù ló kọ́kọ́ fi ṣe ọyàn. Fóòmù fúyẹ́ jù, èjìká kan ń ga ju ìkejì lọ bó bá ń rìn. Ó ní ọyàn tí kò wúwo, èjìká ló ń purọ́ fún. Ó wá fi ẹ̀wà ṣe é. Òjò pa á lọ́jọ́ kan, ó gbé ọyàn náà kọ́ sẹ́yìn ilé kó lè gbẹ, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, aládùúgbò rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọyàn yín ti hù o." Ìyá Téèpù jáde, ó wo ewé kékeré méjì tó yọrí lára aṣọ. Ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn kan sì ń sọ pé mo ti fẹ́ kú."

Bó ṣe dórí àgbàdo nìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ tí àgbàdo tú yẹn, ó wọn gbogbo àwọn obìnrin tó bá a ṣà á, ó sì ń rán tiwọn fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àwọn ọmọ ọwọ́ nílé ìwòsàn náà ló ń gbé àwọn ọyàn náà lé, kí ọ̀tún má baà wúwo ju òsì lọ. Nọ́ọ̀sì tuntun kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò gbójú sókè nínú ìwé tó ń kọ. "Ọmọ oṣù mélòó ni?" ló bi í. "Kò tíì tó ọjọ́ kan," ni Ìyá Téèpù dáhùn. "Àárọ̀ yìí ni mo rán an tán." Nọ́ọ̀sì gbójú sókè.

Bẹ́ńṣì ẹni mẹ́rin ni bẹ́ńṣì ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́fà ló ń jókòó sí i ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òfin Ìyá Téèpù ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá jókòó. "Ẹ sún," ni yóò máa wí, "ẹ sún, ìdí ta ló tóbi tó báyìí?" Nígbà tó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí Tíṣà kò yọjú, tó sì jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ rẹ̀, Ìyá Téèpù dìde tòun ti téèpù lọ́rùn, ó gba iléèwé lọ.

Ó yọ orí lójú fèrèsé kíláàsì. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Mo wá wọnṣọ fún tíṣà yín." Tíṣà sáré jáde kí àwọn ọmọ tó gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ìyá, mi ò lè ṣe é," ló wí, ó ń fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀. "Bí bàbá àwọn ọmọ mi bá gbọ́ ńkọ́?"

"Kò tíì gbọ́?"

"Ìdálẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní mò ń lọ."

"Láti ìgbà yí wá? Kí ni wọ́n ń kọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń wa bàlúù?"

Tíṣà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín. Ìyá Téèpù náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fa ọwọ́ rẹ̀, wọ́n jọ jókòó lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dákẹ́. Kókó kan wà lọ́yàn rẹ̀, ó ń fi aṣọ bò ó, ó ń bá wa ṣeré, títí ó fi di ohun tí a kò lè wò mọ́. Èmi ni mo rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín. Ọmọ mi, mi ò fẹ́ rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bá Tíṣà délé. Tíṣà sọ ohun gbogbo fún ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà wolẹ̀ títí. Ìyá Téèpù kò mọ ibi tí yóò kọjú sí, ló bá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn kọ́tìnì wọn. Nígbà tó yá, bàbá àwọn ọmọ ní, "Kí ló dé tí o fi dá nìkan gbé irú ẹrù yìí?" Ó dì mọ́ ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì ń sunkún. "Kọ́tìnì yín kúrú," ni Ìyá Téèpù wí láti ojú fèrèsé, òun náà ń fi téèpù nu ojú.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ọkọ Tíṣà wà lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Téèpù sì kó obìnrin mẹ́rin bẹ́ńṣì lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ní ọkọ àti ìyá nìkan ló lè wọlé kí i.

"Èmi ni ìyá rẹ̀," ni Ìyá Téèpù wí.

"Àwọn yìí ńkọ́?"

"Ìyá rẹ̀ ni àwọn náà."

"Ìyá, ìyá mélòó ni ẹnì kan ní?"

"Ẹrù tó bá wúwo, ṣé ìyá kan ló máa gbé e?"

Nọ́ọ̀sì wo ojú wọn, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà tí Tíṣà la ojú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n yí ibùsùn rẹ̀ ká. Ìrora wà, ẹ̀rù wà. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tó yíjú sí tí kò rí ojú tó mọ̀.

Ara Tíṣà yá. Ní ọdún kẹta lẹ́yìn náà, àìsàn Ìyá Téèpù padà dé, ó wọ eegun. Kò fi èyí ṣàwàdà. Ó ní kí wọ́n máa wá jókòó ti òun, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ bí kò bá sí ọ̀rọ̀. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Tíṣà, téèpù sì ti wà lọ́rùn Tíṣà láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Àwọn obìnrin náà kò gbà kí wọ́n sin ín láìwọ ọyàn rẹ̀. Tíṣà tún àgbàdo inú rẹ̀ rọ, ó sì gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn ọmọ ọwọ́, kó má baà fúyẹ́ jù. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí ló wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò béèrè ọjọ́ orí. Ó rọra bá a dì í mú títí òṣùwọ̀n fi dúró.

Lẹ́yìn oṣù kan, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn agbálẹ̀ ilé ìwòsàn sún bẹ́ńṣì síwájú kí wọ́n lè fọ ilẹ̀. Lẹ́bàá ògiri, nínú eruku, hóró àgbàdo kan wà níbẹ̀, ó ti gbẹ, ó ti pọ́n. Agbálẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ sókè.

"Má gbá a o!" ni àwọn obìnrin márààrún kígbe papọ̀. "Ọyàn ìyá wa ni!"

Agbálẹ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú, títí omi fi bọ́ lójú wọn, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún. Ìgbà yẹn ni Tíṣà rí obìnrin kan tó dá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, báàgì rẹ̀ lórí àyà, ojú rẹ̀ lára ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. Tíṣà mú hóró àgbàdo náà nílẹ̀, ó nù ún, ó fi í sí obìnrin náà lọ́wọ́, ó sì pa ọwọ́ rẹ̀ dé lé e lórí.

"Ẹ sún," ló wí fún àwọn yòókù. "Ẹ sún, ìdí ta ló tóbi tó báyìí?"

Wọ́n sún. Wọ́n sì tún pé mẹ́fà.