Ìtàn Tí Àrùn Gbà Lẹ́nu Ìyá Olùkọ́

Tí ìyá olùkọ́ tí a jọ gbé ilé kan ní Ngomari, ní ilẹ̀ Àríwá, bá fẹ́ kàwé fún àwọn ọmọbìnrin àdúgbò, á kọ́kọ́ fi etí ìró nu awò ojú rẹ̀, á ní, “Ó yá, ta ló wà lórí ẹṣin?” Àwọn ọmọ á pariwo orúkọ akọni ọmọbìnrin inú ìtàn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ìtàn ogun àtijọ́ náà. Àgùnbánirọ̀ ni mí nígbà yẹn. Mo ní kí ó jẹ́ kí ọmọ ọba kan gba ọmọbìnrin náà sílẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé:

“Ọmọ mi, nínú ìwé tèmi, ọmọbìnrin kì í jókòó de olùgbàlà.”

Ìgbà tí ìtàn náà dé ibi tí ọ̀tá ti ká ọmọbìnrin náà mọ́ ẹnubodè ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún, ó gba ohùn. Kò tíì kọ ibi tó kù.

Nígbà tí ó ti ọsibítù dé, àwọn ọmọ wá kí i. Ọmọ télọ̀ ará Òṣogbo kan, tó gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, kúnlẹ̀.

“Mama, sannu, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ọmọbìnrin orí ẹṣin yẹn bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá?”

Ìyá la ẹnu. Ìkérora ló jáde.

“Ṣé odò ló gbà?”

Ó mirí pé rárá.

“Ṣé ó bá wọn jà ni?”

Ó tún mirí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, èmi náà dá àbá tèmi nípa bí ọmọbìnrin náà ṣe bọ́. Rárá ni. Oòrùn wọ̀, àwọn ọmọ dìde lọ sílé, ìyá ṣì ń la ẹnu.