Epìyà ọbẹ̀ nínú táǹkì ẹja ọ̀ṣọ́ mi

Ẹ gbà mí o, màmá mi ju epìyà ọbẹ̀ sáàárín ẹja ọ̀ṣọ́ mi!

Inísà ni wọ́n ti wá kí mi n'Íkìrun. Mo ti ṣọ́ọ̀bù dé, mo bá ẹja ràgàjì kan nínú táǹkì gíláàsì mi.

"Màmá, kí lẹ ṣe yìí?"

"Kó má baà kú kí n tó sè é ni. Ṣebí ẹja náà ni gbogbo wọn?"

Àyà mi já. Àwọn ẹja yìí kì í gba àlejò. Jàǹdùkú aláwọ̀ yẹ́lò kan wà níbẹ̀ tó ti gé ìrù àwọn tó kù jẹ.

Mo sáré wo táǹkì. Jàǹdùkú ti sá sẹ́yìn òkúta, kò lè mí fín! Àwọn tó kù ń lúwẹ̀ẹ́ kiri bí ẹni tó jáde lẹ́wọ̀n. Epìyà ò tiẹ̀ wò wọ́n. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Kí n yíjú, màmá ti mú ọ̀bẹ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọlọ́pàá mi nìyẹn! Ẹ jẹ́ kí n lọ ra adìyẹ."

"Ọlọ́pàá? Epìyà tí mo fi kẹ́ẹ̀gì gbé wá láti Inísà?"

Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n nísàlẹ̀ ibí o. Wọ́n ní kí n ka ohun tí ẹ bá sọ fún àwọn kí omi ọbẹ̀ tó hó.