Ọwọ́ Tó Yẹ Kó Wẹ Ọmọ

Bí ẹ bá bi Múríkátù pé ara ńkọ́, kí ẹ tó panu dé ló ti máa fèsì pé, "A dúpẹ́." Ibà dá a dùbúlẹ̀, a dúpẹ́ ni. Eyín ń ro ó, a dúpẹ́ náà ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ní Ìsẹ́yìn nìyẹn, ó sì gbé e dání wá sí Berlin, níbi tó ti ń kó aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì jáde nínú ẹ̀rọ ní ilé ìfọṣọ kan ní Tempelhof. Aṣọ tútù wúwo. Ó pẹ́ tí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń dùn ún lápá àtàǹpàkò, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?

Lọ́dún 2018, Khàdíjàt ọmọ rẹ̀ bímọ ọkùnrin ní Jenfeld, ní Hamburg. Múríkátù di kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú àti òrí sínú báàgì, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, nítorí ìyá ìyá ọmọ ló ń wẹ ọmọ tuntun.

Ó débẹ̀ tán, kò fọwọ́ kan ọmọ. Lónìí, ọ̀fìnkìn ń ṣe é. Lọ́la, ó ní kí Hebamme, agbẹ̀bí tó ń wá wò wọ́n nílé, wẹ̀ ẹ́. Inú Khàdíjàt bàjẹ́ gan-an. Ó dá a lójú pé nítorí Jùmọ̀ bàbá ọmọ ni, nítorí kì í ṣe Mùsùlùmí, ìyá òun ò sì fẹ́ ìgbéyàwó náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ Múríkátù, ó fọ́.

"Màámi, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Kò sí nǹkan kan. A dúpẹ́."

"A dúpẹ́ kẹ̀? Mo máa gba Termin fún yín, kí obìnrin Indian tó wà ní street yìí lè yẹ ọwọ́ yín wò."

Ìwòsàn ìbílẹ̀ Íńdíà, Ayurveda, ni obìnrin náà ń ṣe. Ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi iná mú gbóná, tí yóò sì fi kan ojú ibi tó ń dunni jù lọ fẹ́rẹ́. Ó ń fìka tẹ ọrùn ọwọ́ Múríkátù díẹ̀díẹ̀, ó ń bi í bóyá ibẹ̀ ni.

"Ó dáa, ẹ ṣé," ni Múríkátù ń dáhùn. Òógùn bo ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ wo ìyà àfọwọ́fà!

Obìnrin náà gbé irin kúrò lórí iná. Ó ní, "Ìyá, mi ò lè fi iná kan ibi tí kò dùn yín."

Múríkátù wo Khàdíjàt tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, tí kò fẹ́ wo ojú òun.

"Ibi tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ yẹn ni. Ó ń dùn mí gan-an." Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Mi ò lè di nǹkan mú dáadáa mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí ọmọ má bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi."

"Ẹ ò wá sọ fún mi? Mo rò pé nítorí Jùmọ̀ ni o!"

"Jùmọ̀ kẹ̀? Ọmọ mi ni òun náà."

Khàdíjàt bú sẹ́kún. Irin kan ọrùn ọwọ́ náà, ó ta á, obìnrin náà sì fi oje ewé tútù pa ibẹ̀. Ó ní kí omi má kàn án títí di ọ̀la, kó sì jẹ́ kí ọwọ́ náà sinmi.

Nírọ̀lẹ́, Khàdíjàt fúnra rẹ̀ ló ń fi ọṣẹ dúdú wẹ ọmọ. Múríkátù jókòó tì í, ó na ẹsẹ̀, ó ń fẹnu wẹ ọmọ ní tirẹ̀: "Rọra. Di orí rẹ̀ mú. Má gbàgbé abẹ́ ọrùn."

"Màámi, ọwọ́ ńkọ́?"

Múríkátù la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Ó ṣì ń dùn mí," ló sọ.

Khàdíjàt fi táwẹ́ẹ̀lì wé ọmọ, ó sì rọra tẹ́ ẹ sórí itan ìyá rẹ̀ méjèèjì, níbi tí kò ti ní láti fi ọwọ́ dì í mú.