Ẹ̀rọ Ọkọ Mi àti Òróró Àlàájà

Aago ni ọkọ mi ń tún ṣe nígbà náà ní Kàdúná, nínú ìsọ̀ kékeré kan nítòsí ọjà ńlá. Ó ní ẹ̀rọ kan níbẹ̀ tó rà lọ́wọ́ oníjígí ojú kan tó ń kó kúrò nílùú. Àwo irin onígun mẹ́rin ni, kò tóbi ju abọ́ ìfọwọ́ lọ. Èèyàn á bu omi sí i, á ki wáyà rẹ̀ bọ iná, omi náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọkọ mi ní ìró ló ń mì ín, ìró tó ga ju ohun tí etí ọmọ èèyàn lè gbọ́ lọ, òun ló sì ń gbọn ìdọ̀tí kúrò lára eyín aago. Ní tèmi, mi ò gbọ́ ju bíi kí kòkòrò kan máa kùn nínú ògiri lọ.

Nígbà tí aago olówó pọ́ọ́kú gba ìgboro, tó jẹ́ pé bó bá bàjẹ́ ńṣe ni wọ́n ń sọ ọ́ nù, ọkọ mi ti ìsọ̀, ó gbé ẹ̀rọ náà wálé sí àdúgbò wa ní Mahuta. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Ó rẹ́ orógbó, ata ilẹ̀ àti èèpo igi sínú ìgò jíìnì, ó dé e, ó gbé ìgò náà dúró sínú omi tó ń gbọ̀n. Ohun tí èèyàn ì bá rẹ sínú ọtí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jáde dáadáa, kí ọ̀sán tó pọ́n, ọtí náà ti dúdú, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo pálọ̀. Àwọn àgbà ìpàdé ọmọ ìlú wa tọ́ ọ wò, wọ́n ní kó tún ṣe sí i. Ìjọ tí ọkọ mi ń lọ kò fọwọ́ sí ọtí, ṣùgbọ́n òun ní òògùn ni.

Mùsùlùmí ni èmi. Òróró ẹ̀pà ni mo ń tà, mo sì fẹ́ràn kí n máa fi àlùbọ́sà gbígbẹ, ata ilẹ̀ àti kànáfùrù sínú rẹ̀ bí ìyá mi ṣe ń ṣe. Ìyá mi a máa sá a sóòrùn, á tún gbé e ka iná tí kò le. Ọkọ mi ní kí n gbé ìgò tèmi náà sínú ẹ̀rọ. Mo gbé e síbẹ̀. Òróró náà mọ́ kedere, ó ta sánsán ju ti ìyá mi lọ, mi ò sì fẹ́ràn láti gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ni Àlàájà kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa. Òun ló fà mí wọ ẹgbẹ́ àsàlátù nígbà tí àwọn kan ń kùn pé kí ni ìyàwó onígbàgbọ́ ń wá láàárín wọn. Bí mo bá fi ìgò òróró ránṣẹ́ sí i, á dá ìgò náà padà pẹ̀lú dàbínò, èso tí a fi ń ṣínu nígbà ààwẹ̀. Kò jẹ́ dá ohun èlò ẹnikẹ́ni padà lófìfo láéláé.

Nígbà tí àìsàn inú dá a dùbúlẹ̀, oúnjẹ kọ̀ ọ́. Kò sí ohun tó ń wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́ àfi dànwákè díẹ̀, oúnjẹ ẹ̀wà àwọn Hausa, tí a bá da òróró mi lé. Inú mi dùn sí i, kí n má purọ́. Mo gbà pé òróró yìí ló ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró.

Ọkọ mi bá lọ kí i. Ọkùnrin tí kò lè pa ẹnu mọ́ nípa ẹ̀rọ rẹ̀ ni, ó sì rò pé òun ń dá aláìsàn lára yá. Ó ṣàlàyé ìró tí etí kò gbọ́ fún un, ó ní bó ṣe ń ṣe òróró yìí náà ló ń ṣe jíìnì, nínú omi kan náà. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Kò yéé sọ̀rọ̀.

Nígbà tó jáde, Àlàájà yíjú sí mi.

“Ṣé ìgò ọtí ò fọ́ sínú omi yẹn rí?”

Mo ní, “Ó fọ́ lẹ́ẹ̀kan, Àlàájà. A da omi náà nù, a sì fọ ẹ̀rọ ọ̀hún. Dídé ni mo dé ìgò tiyín pa.”

“To, ó dáa. Èmi ò sọ pé nǹkan kan kàn án. Àmọ́ ẹnu tí mo fẹ́ fi pe kálímà lójú ikú ni mo fi ń jẹun báyìí, àbúrò mi. Má bínú.”

Mo bínú. Mo bínú délé, mo sì bá ọkọ mi fà á. Ó ní ọtí kò lè gba inú gíláàsì kọjá. Mo mọ̀. Ó dá mi lójú pé Àlàájà náà mọ̀.

Mo ra ìkòkò tuntun àti ìgò tuntun. Mo gbé òróró ka sítóófù, mo jókòó tì í, lẹ́yìn náà mo sá a sóòrùn títí àlùbọ́sà fi dúdú. Mo fi aṣọ funfun dé ẹnu ìgò náà, mo fi òwú pupa dì í, mo so ó ní kókó bí mo ṣe máa ń so ó. Mo gbé e lọ, mo ní, “Àlàájà, ẹ̀rọ ò rí èyí. Sítóófù ni mo fi ṣe é, wallahi.”

Ó di ọwọ́ mi mú. “Na gode, mo dúpẹ́. Ọlọ́run á san án fún ọ.” Ó ní kí wọ́n gbé ìgò náà sí ẹ̀bá orí òun.

Mo fi ayọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá padà lọ, màá bi í bóyá òróró náà tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun náà á ní, “O ṣé, o ṣé.” Kò sọ pé òun jẹ ẹ́. Èmi ni mo gbà bẹ́ẹ̀ fúnra mi. Ó ń rù sí i, mo sì ń sọ fún ara mi pé àìsàn náà ni.

Ó kú kí ààwẹ̀ tó wọlé. Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé láílọ́ọ̀nù dúdú kan wá bá mi. Hausa ló máa ń fi dá wa lóhùn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó fara balẹ̀ sọ Yorùbá.

“Màmá ní kí n dá a padà fún yín, pé ẹ ṣé.”

Ìgò mi ni. Ó kún dé ẹnu, òwú pupa náà sì wà ní kókó tí mo so ó. Dàbínò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Inú bí mi sí òkú, mi ò ní fi pamọ́. Ó ṣì ń bí mi. Èmi tí mo sọ òótọ́ nípa ìgò tó fọ́, nígbà tí irọ́ ì bá ṣe mí láǹfààní, kí ni màá tún máa purọ́ fún lórí sítóófù? Ó fi ebi kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ tí mo búra lé lórí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́.

Mo tú òwú náà. Mo se ẹ̀wà, mo da òróró náà lé e, mo jókòó sí kíṣìnì èmi nìkan, mo jẹ ẹ́. Mo rọra ń jẹ ẹ́, mo ń wá ọtí lẹ́nu mi. Ata ilẹ̀ àti kànáfùrù nìkan ni mo rí.